Ọwọ́ tó polówó ìṣáná ló polówó ogun

Ohun táwọn èèyàn máa ń bi mí jù tí wọ́n bá rí àwọn pósítà àtijọ́ tí mo kó jọ ni pé kí ló dé tí mo fi pósítà ọtí, ti mílíìkì àti ti mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà ogun, pé ṣé kò yẹ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, ọjà lọ́tọ̀, ogun lọ́tọ̀. Mi ò ní yà wọ́n o. Lójú tèmi, ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò tíì rí nǹkan tó ń wò dáadáa, torí pé ọwọ́ kan náà ló ya méjèèjì, ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ wọ́n, ara ògiri kan náà ni wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́, ohun tí wọ́n sì ń wá lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ ò yàtọ̀: kó dúró, kó wò, kó lọ ṣe ohun tí kò ní lọ́kàn rárá nígbà tó jáde nílé láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Lucian Bernhard. Lọ́dún 1906 ni wọ́n gbé ìdíje pósítà kan kalẹ̀ ní Berlin fún ìṣáná Priester, Bernhard ṣì kéré nígbà yẹn, kò tíì lórúkọ kankan. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó kọ́kọ́ ya tábìlì, ó ya àwo eérú sórí ẹ̀, ó fi sìgá sínú àwo, èéfín sìgá yẹn wá ń di àwọn obìnrin tó ń jó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ àwọn oníjó, ó yọ sìgá, ó yọ àwo, ó yọ tábìlì, títí ó fi ku igi ìṣáná méjì péré àti orúkọ Priester lókè wọn. Igi pupa, orí yẹ́lò, ó tán. Òun ló gbégbá orókè, àtìgbà yẹn ni àwọn ayàwòrán Berlin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà yẹn.

Ìdí tí irú pósítà bẹ́ẹ̀ fi mú ò le. Mọ́tò àti tírámù ti ń pọ̀ nígboro, ẹni tó jókòó sínú wọn ò ráyè ka ìwé lára ògiri, kó tó ṣẹ́jú ó ti kọjá. Nǹkan kan, orúkọ kan, àwọ̀ tó ki, ìyẹn ló lè bá a. Hans Rudi Erdt náà ṣe tiẹ̀ fún mọ́tò Opel lọ́dún 1911, ojú awakọ̀ kan àti orúkọ ọkọ̀, ó parí.

Ogun wá dé lọ́dún 1914. Ìjọba Jámánì nílò owó tó ju èyí tí owó orí lè kó wọlé, ni wọ́n bá ní kí aráàlú wá yá àwọn lówó. Ta ni wọ́n máa pè kó bá wọn sọ ọ́ fáráàlú? Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìṣáná ni. Bernhard ya apá kan tó wọ ìhámọ́ra irin bíi ti jagunjagun ayé àtijọ́, ọwọ́ ẹ̀ di ìkúùkù, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dúdú gbàgìdì pé ọ̀nà àlàáfíà nìyí, àwọn ọ̀tá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ wá yá ìjọba lówó ogun. Erdt náà ya "U-Boote Heraus!", ìyẹn ẹ jáde, ẹ̀yin ọkọ̀ abẹ́ omi, lẹ́tà U kan tó tóbi gan-an, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi dúró nínú ẹ̀, ó ń wo ìta látinú awò ọkọ̀ náà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Opel kẹ́ ẹ wò ó. Nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kan, àwọ̀ tó ki. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn papọ̀, torí pé kò sí ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn, ohun tí wọ́n ní kó tà nìkan ló yí padà.

Kì í sì í ṣe Jámánì nìkan. Théophile Steinlen tó ya ológbò dúdú tí gbogbo ayé mọ̀, ìyẹn Chat Noir ti 1896, òun náà ló ya pósítà mílíìkì lọ́dún 1894, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń mu mílíìkì nínú abọ́ táwọn ológbò mẹ́ta gbójú sókè sí i. Pósítà tó tutù, tó ń múnú ẹni dùn. Nígbà tó di Kérésìmesì 1915, Steinlen yìí kan náà ló ya ti "Journée du Poilu", ọjọ́ tí wọ́n ń gba owó jọ káàkiri ilẹ̀ Faransé fáwọn ṣọ́jà tó wà lójú ogun, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 1916 ó ya ti àwọn ará Serbia. Ìlà ẹ̀ tó rọ̀ lára ológbò yẹn náà lẹ máa rí lára kóòtù àwọn ṣọ́jà. Paul Colin ńkọ́? Òun ló ya pósítà ijó tí Josephine Baker fi dé Paris lọ́dún 1925, nígbà tí ogun kejì sì bẹ̀rẹ̀ òun náà ló ya "Silence", tó ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí wọ́n pa ẹnu mọ́ torí pé ọ̀tá ń tẹ́tí. Alfred Leete tó ya Kitchener, mínísítà ogun Ìlú Ọba, tó nàka sí wa lójú, ṣokoléètì Rowntree's náà wà lára ohun tó polówó lẹ́yìn ogun.

Ẹ má bínú tí mo bá dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ wọ́n, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ wọn ti wọ̀ mí lára. Òkúta ni. Alois Senefelder ló rí ọ̀nà yẹn ní Bavaria ní nǹkan bí ọdún 1796, òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Solnhofen ni wọ́n fẹ́ràn jù torí pé ó jọ̀lọ̀ gan-an. Wọ́n á fi ẹfun olọ́ràá ya nǹkan sójú òkúta, wọ́n á fi omi rẹ òkúta náà, omi á sá fún ibi tí ọ̀rá wà, wọ́n á wá yí íńkì olóróró lé e lórí, íńkì á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, á sì sá fún omi, wọ́n á tẹ bébà mọ́ ọn. Ìyẹn àwọ̀ kan ṣoṣo o! Tí pósítà bá ní àwọ̀ márùn-ún, òkúta márùn-ún ni, bébà kan náà á sì gba abẹ́ gbogbo wọn kọjá, tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ètè obìnrin tó wà nínú àwòrán á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ẹ máa ń rí i nígbà míì létí pósítà, àwọ̀ pupa tó yọrí díẹ̀ lábẹ́ búlúù, èmi ò kà á sí àbùkù rárá, ó ń jẹ́ kí n mọ̀ pé èèyàn ló gbé bébà yẹn sórí òkúta.

Jules Chéret lẹni tó sọ iṣẹ́ òkúta yìí di ohun ìgboro. Ó gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fúngbà díẹ̀, ó rí bí wọ́n ṣe ń tẹ pósítà ńlá níbẹ̀, ó padà sí Paris, ó dá ilé ìtẹ̀wé tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1866, ó sì fi òkúta díẹ̀ ṣe àwọ̀ tó pọ̀ débi pé pósítà aláràbarà wá di ohun tí agbára ọlọ́jà ká. Lọ́jọ́ 29 oṣù keje 1881 ìjọba ilẹ̀ Faransé wá ṣe òfin tó tú ìwé ìròyìn àti pósítà sílẹ̀, pé kí kálukú máa lẹ̀ ẹ́ àyàfi níbi tí wọ́n bá ti kà á léèwọ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ṣì ń rí "Défense d'afficher, loi du 29 juillet 1881", ìyẹn ẹ má lẹ pósítà síbí, lára ògiri àtijọ́ níbẹ̀ títí dòní. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ìkéde ìjọba nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ sórí bébà funfun. Bébà funfun yẹn ló wá gbé ọ̀rọ̀ ogun dé gbogbo abúlé lóṣù kẹjọ 1914, "Ordre de mobilisation générale", àsíá méjì lókè, kò sí àwòrán míì, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin tó bá yẹ jáde. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu lára ìwé yẹn ni pé ọdún 1904 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́! Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo, wọ́n tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí àkókò tó wọ́n wá kọ "ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1914" sí àyè yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí dáadáa, íńkì ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù.

Kíkó pósítà jọ náà, kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láàárín 1890 sí 1900 ó ti di àìsàn ní Paris, àwọn èèyàn ń jáde lóru lọ fi omi bó pósítà lára ògiri kí gọ́ọ̀mù ẹ̀ tó gbẹ, àwọn míì ń fún àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ lówó lábẹ́nú kí wọ́n má lẹ̀ ẹ́ rárá. Edmond Sagot wá rí i pé ọjà wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ayàwòrán Toulouse-Lautrec ṣe ti Moulin Rouge, ilé ijó kan ní Paris, 1891, nǹkan bí 3,000 ni wọ́n tẹ̀, bébà mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, ó ga ju ẹ̀dá lọ, díẹ̀ báyìí ló sì kù láyé nínú 3,000 yẹn, òjò àti àwọn pósítà míì tí wọ́n lẹ̀ lé e lórí ló jẹ ìyókù. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1895 ni ti ayàwòrán Mucha fún Sarah Bernhardt, òṣèré orí ìtàgé, jáde sígboro, tinrín, gígùn, wúrà lára ẹ̀, inú Bernhardt dùn débi tó fi bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́fà.

Ẹni tí owó ẹ̀ ò tó ti Lautrec, tí ilé ẹ̀ ò sì láyè, kó wá "Les Maîtres de l'Affiche" lọ. Láti 1895 dé 1900 ni ilé ìtẹ̀wé Chaix ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù fáwọn tó ti san owó sílẹ̀, pósítà tó lókìkí tí wọ́n tún tẹ̀ ní kékeré, bíi 29 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 256. Òkúta gidi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, bébà ẹ̀ dáa, òǹtẹ̀ kan sì wà ní igun ìsàlẹ̀ tí kò ní íńkì, ìka lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Inú òun ni mo ti kọ́ bí mo ṣe ń wò.

Ní Ìlú Ọba, ìtàn ogun àkọ́kọ́ wọn yàtọ̀ díẹ̀ torí pé wọn ò fipá mú èèyàn wọ ṣọ́jà níbẹ̀rẹ̀. Òfin ìfipámúni ò dé àfi ìgbà tó di oṣù kìíní 1916. Torí náà láti 1914 dé òpin 1915 pósítà ni àṣẹ wọn, ohun tó bá wà lára ògiri ló máa mú ọmọkùnrin jáde nílé. Kitchener tí Leete yà, ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ wà lọ́jọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 1914 kó tó di pósítà. Èyí tó le jù lójú mi ni ti Savile Lumley, 1915, bàbá kan jókòó sí àga, ọmọ ẹ̀ obìnrin wà lórí itan ẹ̀, ó ń bi í pé Dádì, kí lẹ ṣe nígbà Ogun Ńlá, ọmọkùnrin kékeré sì wà nílẹ̀ tó ń fi ṣọ́jà ìṣeré ṣeré. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọ̀tá, wọn ò sọ̀rọ̀ ọba, ìtìjú nìkan ni wọ́n tà, ìtìjú tí kò tíì ṣẹlẹ̀ pàápàá! Mo ní in, mi ò lè gbé e kọ́ sí yàrá tí àlejò ń wọ̀, ó máa ń wo èèyàn jù.

"Keep Calm and Carry On" wá ńkọ́, ìyẹn ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, èyí tó wà lára ife, lára àpò, lára aṣọ kárí ayé? Lọ́dún 1939 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣe pósítà mẹ́ta, méjì jáde, ìkẹta yìí ni wọ́n fi pa mọ́ dìgbà tí nǹkan bá le gan-an, ó tó 2,450,000 tí wọ́n tẹ̀. Àwọn méjì tó jáde, aráàlú ò fẹ́ràn ẹ̀, ó dà bíi pé ọ̀gá ló ń pàṣẹ fún wọn látòkè, nígbà tí bébà sì wọ́n lọ́dún 1940 wọ́n kó ìkẹta lọ lọ̀, wọ́n sọ ọ́ di bébà míì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọdún 2000 ni àwọn tó ni Barter Books, ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Alnwick ní Ìlú Ọba, ṣàdédé rí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ àpótí ìwé tí wọ́n rà ní gbàǹjo, wọ́n fi fírémù sí i, wọ́n gbé e kọ́, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ibẹ̀ ló ti bẹ́. Ẹ ò wá rí i pé pósítà ogun tó lókìkí jù láyé báyìí, àwọn tó jagun yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i sójú rí. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ta ojúlówó fún yín, ẹ rọra. Èmi fẹ́ràn ti Fougasse, ayàwòrán apanilẹ́rìn-ín, ju ìyẹn lọ, mẹ́jọ tó ṣe lọ́dún 1940, "Careless Talk Costs Lives", ìyẹn ọ̀rọ̀ àìnírònú ń gba ẹ̀mí, àwọn èèyàn ń ṣòfófó lórí tábìlì tàbí nínú bọ́ọ̀sì, Hitler sì fara pa mọ́ sára ògiri tàbí sábẹ́ àga tó ń gbọ́ wọn. Ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ìkìlọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Èmi jẹ́ aláwọ̀ dúdú, mo sì ń kó pósítà ilẹ̀ Yúróòpù jọ, èèyàn á bá ojú ara ẹ̀ pàdé níbẹ̀, kì í sì í ṣe bó ṣe fẹ́. Banania, ohun mímu tó ní kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, bọ́ sọ́jà lọ́dún 1914, lọ́dún 1915 wọ́n fi ṣọ́jà adúláwọ̀ kan sí pósítà ẹ̀, fìlà pupa lórí, ẹ̀rín ẹ̀ gba gbogbo ẹnu, wọ́n wá fi èdè Faransé tó wó sí i lẹ́nu, "Y'a bon", ìyẹn ó dáa. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ṣọ́jà yẹn ń kú lójú ogun o, àwọn tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, àmọ́ tí wọ́n kó láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 30,000 ni kò padà nínú ogun àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu yẹn ò sì kúrò lára ọjà bọ̀rọ̀, ọdún 2011 ni kóòtù ní Versailles tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Lucien Jonas ya tiẹ̀ lọ́dún 1917 fún ọjọ́ ìdáwó àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn jẹ́ ká rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jà, ojú wọn le, èèyàn ni wọ́n. Mo ní ti Jonas, ó sì wà níbi tí mo ti ń rí i lójoojúmọ́. Ti Banania, mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á, ẹ̀rí ni, ó yẹ kó wà níbi tí èèyàn ti lè rí i kó sì ka ìtàn ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ilé ìdáná ló yẹ kéèyàn gbé e kọ́ sí bí ohun ọ̀ṣọ́, ó dùn mí tí mo bá rí i níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn Násì. Ludwig Hohlwein wà lára àwọn tó mọ pósítà yà jù nílẹ̀ Jámánì, aṣọ ọkùnrin tó yà fún PKZ, ilé ìtajà aṣọ ní Switzerland, lọ́dún 1908 ṣì lẹ́wà títí dòní, àmọ́ láti 1933 àwọn Násì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ra iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀, mi ò ra ìkejì, kì í sì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí wọ́n wà, mùsíọ́ọ̀mù ni àyè wọn. Ẹ tún rántí pé òfin wà: ní Jámánì, èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbé àmì Násì síta fún gbogbo ayé àfi tó bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́ tàbí ìtàn, torí náà ẹni tó bá fẹ́ rà tàbí tà níbẹ̀ kó mọ ohun tó ń ṣe.

Pósítà wọn kan ṣoṣo ló wà tí mo máa dúró tì fún wákàtí kan ní mùsíọ́ọ̀mù, ìyẹn Affiche Rouge. Oṣù kejì 1944, wọ́n ti mú Missak Manouchian àti ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń bá àwọn Násì jà ní Paris, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àjèjì, àwọn Júù, àwọn ará Poland, Hungary, Ítálì, Manouchian fúnra ẹ̀ jẹ́ ará Armenia. Àwọn Násì fi ojú mẹ́wàá nínú wọn sí pósítà pupa, wọ́n ní ọ̀daràn ni wọ́n, kí aráàlú bàa lè kórìíra wọn. Ọjọ́ 21 oṣù kejì ni wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin méjìlélógún nínú wọn ní Mont-Valérien, odi ológun kan nítòsí Paris, wọ́n sì bẹ́ Olga Bancic lórí ní Stuttgart lóṣù karùn-ún. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ní kó kórìíra wọn ò gbọ́. Wọ́n ní àwọn kan fi òdòdó sábẹ́ ògiri, àwọn kan kọ ọ́ sára bébà náà pé wọ́n kú fún ilẹ̀ Faransé. Gbogbo ọgbọ́n ìpolówó ló wà lára pósítà yẹn, àwọ̀ pupa, ojú, lẹ́tà ńlá, ohun tó fẹ́ tà ló kọ̀ tí kò tà. Lọ́jọ́ 21 oṣù kejì 2024, ọgọ́rin ọdún gééré, wọ́n gbé Manouchian wọ Panthéon, ibi tí Faransé ń sin àwọn akọni ẹ̀ sí ní Paris.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tiyín. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Ojúlówó ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, ti Faransé tó tóbi máa ń jẹ́ nǹkan bí 120 sí 160 sẹ̀ǹtímítà, ti Switzerland 90.5 sí 128, ti Ìlú Ọba sábà máa ń jẹ́ 20 sí 30 íǹṣì tàbí 25 sí 40. Tẹ́ ẹ bá rí Lautrec tó tó bébà kàlẹ́ńdà, atúntẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ gbé e lé ibi tí àwọ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ti òkúta, ẹ máa rí àmì wínníwínní tí kò létò, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun pa ara òkúta gan-an. Ti ẹ̀rọ òde òní, ẹ máa rí àmì tó-tò-tó kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí àwọn àwọ̀ mẹ́rin ṣù jọ bí òdòdó, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn lára Chéret, ẹ dá a padà. Ẹ ka ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́: orúkọ ilé ìtẹ̀wé, Chaix, Champenois, Devambez, ti ìgbanisíṣẹ́ ogun àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba máa ń ní orúkọ Parliamentary Recruiting Committee àti nọ́ńbà, ti ogun kejì máa ń ní orúkọ ilé ìtẹ̀wé ìjọba àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 51. Sitáǹpù owó orí lára ti Faransé kì í ṣe ẹ̀gbin, inú mi máa ń dùn sí i, ó ń fi hàn pé wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ síta lóòótọ́.

Ní ti títọ́jú, oòrùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bébà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n lò, igi tí wọ́n lọ̀ ni, ásíìdì wà nínú ẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á lójoojúmọ́ á pọ́n, á máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má fi sẹ́lótéépù tún un ṣe láéláé, gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa wọ bébà lọ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà bò ó. Tó bá ti ya, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó lẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sè, tí omi lè tú padà lọ́jọ́ míì. Fírémù ẹ̀, kí gíláàsì má kàn án lára. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po kì í dà mí láàmú, bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n ránṣẹ́ nígbà yẹn nìyẹn.

Èyí tó kù ni èyí tí mo máa ń fi ìgbà tó pọ̀ jù bá àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ, ibi tí pósítà ti wá. Hans Sachs, dọ́kítà eyín ní Berlin, ni baba gbogbo àwa tá à ń kó pósítà jọ. Ó dá ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn pósítà sílẹ̀ lọ́dún 1905, ó ń gbé ìwé ìròyìn wọn, Das Plakat, jáde láti 1910 dé 1921, ó sì kó pósítà 12,500 jọ, ti ọjà àti ti ogun papọ̀, kò yà wọ́n. Lọ́dún 1938 àwọn Gestapo, ọlọ́pàá inú àwọn Násì, wá kó gbogbo ẹ̀ lọ torí pé Goebbels, mínísítà ìpolongo wọn, fẹ́ ẹ. Júù ni Sachs. Wọ́n tì í mọ́ àgọ́ ìfìyàjẹni Sachsenhausen lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ òun àti ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ó rò pé gbogbo ẹ̀ ti jóná, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì sì san owó gbà-má-bínú fún un lọ́dún 1961, àfi ìgbà tó gbọ́ lẹ́yìn náà pé díẹ̀ ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Ìlà Oòrùn Berlin. Ó kú lọ́dún 1974, kò tún fojú kàn wọ́n mọ́. Peter, ọmọ ẹ̀, ló wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí kóòtù, kóòtù tó ga jù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì dá a láre lóṣù kẹta 2012, ó gba 4,259 padà, oṣù kìíní 2013 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní gbàǹjo ní New York.

Àwọn tó ní ó yẹ kí wọ́n wà ní mùsíọ́ọ̀mù pọ̀ nígbà yẹn, mo gbọ́ wọn, mi ò gbà. Ohun tí wọ́n jí ni, olóhun ló gbà á, ohun tó bá wù ú ni kó fi ṣe. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, 4,259 nínú 12,500. Ìyókù wà níbìkan tàbí kó ti bàjẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù kan lónìí pẹ̀lú owó tó dáa lára ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tà fún mi pé ta lẹ ti rà á, ìgbà wo, ìwé ẹ̀ dà, mo sì ń kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé kan fún pósítà kọ̀ọ̀kan, pàápàá tó bá jẹ́ ti Jámánì tó ti wà kó tó di 1938. Àwọn kan máa ń bínú. Ẹni tó bá bínú, mi ò rà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ṣì ń wá Steinlen ti Kérésìmesì 1915 tí mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mílíìkì yẹn o. Ẹni tó bá ní in tó fẹ́ tà, kó kọ̀wé sí mi, kó ya ẹ̀yìn ẹ̀ náà ní fọ́tò, kó sì sọ ọwọ́ ẹni tó ti rà á.